Títà Ọkọ̀ Kò Parí Síbi Kọ́kọ́rọ́

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nílẹ̀ wa tó yẹ kó máa yà wá lẹ́nu ju bó ṣe ń yà wá lẹ́nu lọ. Bí Toyota Corolla ọdún 2005, tí wọ́n ti lò gbó ní Amẹ́ríkà kó tó dé Èkó, bá bàjẹ́ láàárọ̀, ó ṣeé ṣe kí mẹkáníìkì ti rí páàtì tó fẹ́ pààrọ̀ kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ yìí kò ní aṣojú, kò ní wáráńtì, iléeṣẹ́ kankan kò sì bá ẹni tó rà á ṣe àdéhùn ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ tuntun, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọ̀rá lórí ìjókòó rẹ̀ nílé ìtajà ńlá, bá fọ́ iná iwájú kan péré, olówó rẹ̀ lè fi ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù máa retí iná náà. Wọn á ní ó ń bọ̀ láti Dubai. Wọn á ní ó ti dé èbúté, kọ́sítọ́ọ̀mù ló kù. Wọn á ní kó pè lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tó sanwó jù ló wá ń dúró jù.

Àlàyé tó yá ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé ọ̀nà ló jìn. Òkè òkun ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀, ibẹ̀ náà ni páàtì gbọ́dọ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n òkun kan náà ni Corolla tòkúnbọ̀ yẹn là kọjá, òun àti gbogbo páàtì tí wọ́n kó jọ sí Ládípọ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ló fà á, ó yẹ kó dá àwọn méjèèjì dúró bákan náà ni. Ẹ wo bí ọjà Ládípọ̀ ní Mùṣin ṣe ń ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì á mú ògbólógbòó páàtì tó tú lára ọkọ̀ dání, á fi bébà wé e kí ọ́ìlì má baà ta sí i láṣọ. Ọmọ ìsọ̀ á gbà á, á yí i lọ́wọ́ wò, á wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á ka ihò nọ́ọ̀tì ara rẹ̀, á sì béèrè bóyá tuntun ni oníbàárà fẹ́, tàbí Táíwàn, tàbí Bẹ́líjíọ̀mù, ìyẹn àlòkù tí wọ́n tú lára ọkọ̀ lókè òkun. Bí kò bá sí ní ìsọ̀ rẹ̀, á ní kí oníbàárà jókòó, á sáré wọ ìsọ̀ kejì, á wọ ìkẹta, títí yóò fi rí i, á sì bu èrè tirẹ̀ lé e. Owó ara wọn ni àwọn oníṣòwò yìí fi ra ọjà náà sínú kọ̀ǹténà, wọ́n sì ń san owó ìsọ̀ lórí rẹ̀ kí oníbàárà kankan tó yọjú. Wọ́n mọ̀ pé Corolla pọ̀ nígboro, wọ́n mọ ohun tó máa ń tètè jẹ lára rẹ̀, wọ́n sì ti rà á sílẹ̀. Kì í ṣe inú rere ló ń lé wọn sáré. Ẹni tí kò bá ní páàtì lónìí yóò rí i kí èrè ọjọ́ náà rìn wọ ìsọ̀ aládùúgbò rẹ̀.

Nílé aṣojú tó ń ta ọkọ̀ tuntun, ọ̀rọ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé á gba nọ́ńbà ṣaasí, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, páàtì tó bá ọkọ̀ náà mu gan-an á sì hàn. Tó bá jẹ́ ti ìmọ̀ ni, Ládípọ̀ kò lè bá wọn dù ú. Ohun tí kọ̀ǹpútà kò lè ṣe ni kó mú páàtì jáde láti inú sítọ́ọ̀ tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Akọ̀wé á wá ní kí oníbàárà sanwó sílẹ̀ kí wọ́n tó lè bá a béèrè rẹ̀ láti òkè òkun. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Aṣojú kò yọ kọ́bọ̀ nínú àpò tirẹ̀. Oníbàárà ló sanwó ọjà tí kò tíì dé, òun ló ń wọ takisí lọ síbi iṣẹ́, òun náà ló ń san owó adójútòfò lórí ọkọ̀ tó wà lójú kan. Bí páàtì bá dé lọ́la, bó sì jẹ́ oṣù tó ń bọ̀ ló dé, èrè aṣojú kò fi náírà kan dín. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìdúró ń pẹ́ nítorí pé ẹni tó lágbára láti gé e kúrú kò pàdánù nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ká kọ́ òṣìṣẹ́ wọn ní ìwà pẹ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ní ìwà pẹ̀lẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọn á kí èèyàn, wọn á gbé omi tútù wá, wọn á tan ẹ̀rọ amúlétutù. Ọmọ tó sì ń sọ lórí fóònù pé “ẹ pè wá lọ́jọ́ Ajé” kò fẹ́ purọ́. Kò sí ẹni tó sọ ọjọ́ tí páàtì máa dé fún òun náà.

Àwọn kan á ní oògùn rẹ̀ ni ká máa ṣe ọkọ̀ nílé, wọn á sì tọ́ka sí Peugeot 504. Lọ́dún 1975 ni iléeṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná. Ọdún yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ l'Ékòó, lójú ọ̀nà Badagry. Òótọ́ ni pé 504 di ọkọ̀ tí mẹkáníìkì abẹ́ igi lè tú palẹ̀ kó sì tò ó padà láìwo ìwé, páàtì rẹ̀ kò sì wọ́n ní ìlú kéékèèké. Ṣùgbọ́n títò ni wọ́n ń tò ó ní Kàdúná. Púpọ̀ nínú ẹ̀yà ara rẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ti ń dì í wá. Ohun tó jẹ́ kí páàtì rẹ̀ pọ̀ ni pé ìjọba ń rà á fún àwọn òṣìṣẹ́, àwọn awakọ̀ èrò ń rà á fún ọ̀nà jíjìn, ìrísí rẹ̀ kò sì yí padà fún ọdún gbọọrọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ra páàtì rẹ̀ sílẹ̀ kò ní bẹ̀rù pé yóò kú sí òun lọ́wọ́. Ohun kan náà ló gbe Corolla lónìí, láìsí pé ẹnikẹ́ni tò ó ní Kàdúná. Nítorí náà, títò ọkọ̀ nílé dára fún iṣẹ́ àti fún ìmọ̀, àmọ́ kò tó láti yanjú èyí. Ọkọ̀ tí wọ́n tú jáde nínú páálí tí wọ́n sì dè pọ̀ nílé lè dúró de páàtì gẹ́gẹ́ bí èyí tó wọlé lódindi, bí kò bá sí ẹni tó di dandan fún láti kó páàtì sílẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé kò sí bí a ṣe lè sọ ọ́ di dandan, kó wo ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun tó ń wọlé sí wa báyìí ti ń wá: Changan, Chery, GAC àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2013 lórí ọkọ̀ ilé tó ṣì wà lábẹ́ wáráńtì. Bí àtúnṣe kan bá kọjá ọjọ́ 5, tí wọ́n sì ka ọjọ́ tí wọ́n fi ń retí páàtì mọ́ ọn, wọ́n gbọ́dọ̀ fún olówó ọkọ̀ ní ọkọ̀ mìíràn tí yóò máa lò, tàbí kí wọ́n san owó ọkọ̀ tó ń wọ̀ fún un. Bí ọjọ́ àtúnṣe bá sì pọ̀ jọ kọjá 35 nítorí àbùkù ara ọkọ̀, ó lè ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Àtúnṣe òfin náà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2022 sọ 35 di 30. Ní California, ọjọ́ 30 náà ni òfin fún iléeṣẹ́ láti parí àtúnṣe tó wà lábẹ́ wáráńtì, àfi bí ohun tó kọjá agbára rẹ̀ bá dá a dúró. Òfin Ṣáínà yìí ní kí ẹni tó ń ṣàtúnṣe ní páàtì tó tó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọ bó ṣe máa to sítọ́ọ̀ rẹ̀. Wọ́n tún gbé ìnáwó ìdúró kúrò lọ́rùn oníbàárà, wọ́n gbé e kọ́ olùtajà lọ́rùn, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ọgbọ́n orí rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn iléeṣẹ́ tó ń sọ fún wa pé kò ṣeé ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé ara wọn.

Àwọn aṣojú á ní dọ́là ńkọ́? Òótọ́ ni pé kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan kò tó 500 náírà lọ́dọ̀ ìjọba. Nígbà tí oṣù kejì ọdún 2024 yóò fi parí, ó ti fò kọjá 1,500. Èyí mú kí páàtì wọ́n, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan wọ́n, ọ̀tọ̀ ni kó má sí. Ẹni tó rí dọ́là fi kó ọkọ̀ wọlé rí dọ́là fi kó bọ́ńpà wọlé, àti pé dọ́là kan náà, lówó ìgboro, ni àwọn ará Ládípọ̀ ń rà. Wọn á tún ní ọkọ̀ tí àwọn tà kò pọ̀ tó láti kó páàtì sílẹ̀ fún. Èyí lágbára ju ti dọ́là lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí wọ́n to ilẹ̀kùn àti òrùlé ọkọ̀ jọ. Ohun tó máa ń jẹ àti ohun tó máa ń fọ́ kò pọ̀: bíréèkì, ṣọ́ọ̀kù, fílítà, bẹ́líìtì, rédíétọ̀, iná, dígí ẹ̀gbẹ́, bọ́ńpà. Aṣojú tí kò bá lè ní ìwọ̀nyí lọ́wọ́ fún irú ọkọ̀ kan, kó má tíì ta irú ọkọ̀ náà. Èyí tó kẹ́yìn tí wọn á sọ ni pé owó ọkọ̀ yóò ga sí i. Bóyá ni. Àmọ́ oníbàárà ti ń san owó náà báyìí, nínú takisí àti nínú iṣẹ́ tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọn kò kàn kọ ọ́ sínú rìsíìtì ni. Ó sàn kó rí i kó tó rà.

Ẹlòmíràn á ní kí ló dé tí a kò kàn fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọjà páàtì bíi Ládípọ̀, Gate n'Ìbàdàn àti ASPAMDA, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ló ń yára. Mo kan sáárá sí wọn, ṣùgbọ́n agbára wọn ní ààlà. Ayédèrú páàtì pọ̀ lọ́jà, ẹni tó bá sì ra ayédèrú bíréèkì kì í mọ̀ títí ọjọ́ tó máa tẹ̀ ẹ́ tí ọkọ̀ kò ní dúró. Èyí tó tún le jù ni pé ọkọ̀ ìgbàlódé ti ń di ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn lè má bá ọkọ̀ tuntun sọ̀rọ̀ àfi bí wọ́n bá fi ètò orí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ tó ṣe é mú un mọ ọkọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún kọ́kọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń di fún ẹ̀rọ inú bọ́ńpà àti iná iwájú. Ọkọ̀ oníná mànàmáná tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò tún pa kún un. Bẹ́líjíọ̀mù tó ti ń gbà wá láti ọjọ́ yìí wá kò ní lè gbà wá lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí. Ìgbà tí ọjà àdúgbò kò bá rí ọ̀nà mọ́, aṣojú nìkan ló kù, bí kò bá sì sí ohun tó dè é, ìdúró tòní yóò dà bí eré.

A kò nílò láti bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ti sọ pé ọjà tí wọ́n bá tà fún èèyàn gbọ́dọ̀ ṣeé lò, kó sì tọ́jọ́ fún àkókò tó bójú mu. Lójú tèmi, ọkọ̀ tó dá dúró fún oṣù méjì nítorí iná iwájú kò ṣeé lò. Ohun tó kù ni kí FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, fi ìlànà sọ ọ́ di ohun tó ṣeé dì mú: kí aṣojú kọ orúkọ páàtì tó ní lọ́wọ́ síta, kó kọ iye ọjọ́ tí àtúnṣe kò gbọdọ̀ kọjá, kó sì pèsè ọkọ̀ tàbí owó ọkọ̀ bó bá kọjá rẹ̀, kó má sì fi wáráńtì halẹ̀ mọ́ ẹni tó lọ ra páàtì tó dára níbòmíràn, ohun tí òfin Magnuson-Moss ti kọ̀ fún àwọn olùtajà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1975. Kó tó dìgbà náà, agbára kan ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀, ó sì máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní kété tó bá ti sanwó. Kó béèrè iye tí bíréèkì, iná iwájú àti bọ́ńpà ọkọ̀ náà jẹ́, kó ní kí wọ́n mú ọ̀kan jáde kí òun rí i, kó sì ní kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí èyí tí kò sí yóò gbà sínú ìwé. Aṣojú tí kò bá lè kọ iye ọjọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún un.