Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣágámù: Àwọn Ìlú Tí A Máa Ń Sáré Kọjá

Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ tí kò lóǹkà ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ọ̀nà náà, tí wọ́n ṣí ní 1978, gùn tó nǹkan bíi 127 kìlómítà. Ó mú kí ìrìn yá, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa ní àṣà kan pẹ̀lú: kí á máa sáré kọjá lára ìlú láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa mọ Ṣágámù gẹ́gẹ́ bí ibi tí ọ̀nà ti pínyà, tí ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn yóò máa lọ tààrà, tí ẹni tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Benin yóò yà. A mọ̀ ọ́n fún omi tútù, gálà àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀. Ní ti Ìkẹ́nnẹ́, inú ìwé ìtàn la ti mọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn ìrìn-àjò lókè òkun ti mọ àǹfààní ìlú kékeré. Bí wọ́n bá dé orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, wọn kì í dúró sí Amsterdam nìkan. Wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Delft, Haarlem tàbí Leiden, níbi tí èèyàn ti lè fi ẹsẹ̀ rin àárín ìlú já láàárín ọjọ́ kan, kí ó wo odò tí wọ́n gbẹ́ gba àárín ilé kọjá, kí ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, kí ó sì jókòó mu kọfí níbi tí ariwo kò ti pọ̀. Ẹ̀yin náà lè ti rí àwòrán wọn lórí Instagram. Àwọn àgbà ní ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé kí ojú tó ti rí òkun má wo ọ̀sà mọ́. Ìlú tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn, tí a sì lè fi ojú mọ̀, wà nílé pẹ̀lú. Kódà, bí a bá dé Ìkẹ́nnẹ́, ẹ óò rí i pé okùn kan so ó pọ̀ mọ́ Leiden.

Ìlú púpọ̀ nínú ìlú kan

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ ní Ṣágámù. Ẹ má dúró sí etí ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ wọ inú ìlú. Ohun tí ẹ óò tètè kíyè sí ni pé bí ẹ bá béèrè ìlú ẹnì kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè má dá yín lóhùn pé Ṣágámù. Yóò ní ọmọ Òfin ni òun, tàbí ọmọ Mákùn.

Ìdí ni pé ìṣọ̀kan ló bí Ṣágámù. Ogun tó jà nílẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún jẹ́ kí àwọn ìlú Rẹ́mọ tí wọ́n wà káàkiri mọ̀ pé àdágbé léwu. Ní 1872, wọ́n kó wá sí ojú kan, wọ́n sì di ìlú kan lábẹ́ Akárìgbò. Mẹ́tàlá ni wọ́n máa ń ka àwọn ìlú náà. Wọ́n para pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ orúkọ wọn nù. Kálukú mú orúkọ ilé rẹ̀ dání wá sí ibùdó tuntun. Ààfin Akárìgbò wà ní Òfin títí dòní, Ọba Babátúndé Adéwálé Àjàyí ló sì wà lórí ìtẹ́ láti 2017. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti àdúgbò kan dé òmíràn ní Ṣágámù ti rìn láti ìlú dé ìlú, bí kò tilẹ̀ rí odi kankan láàárín wọn.

Lẹ́yìn ààfin, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣòwò obì. Obì gbànja, tí àwọn Hausa ń pè ní goro, ló mú orúkọ Ṣágámù dé òkè Ọya. Awẹ́ méjì ni gbànja máa ń ní. Àbàtà, tí a fi ń ṣe ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó, máa ń ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tó wà nídìí gbànja kò kéré. Bí wọ́n bá la èso rẹ̀, awọ funfun kan ló máa ń bo obì náà. Wọ́n á rẹ ẹ́ kí awọ náà lè rọ̀, wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣà á: ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀, pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dì í sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tútù tẹ́ nínú. Ewé yẹn ni ìṣọ́ obì. Bí obì bá gbẹ lójú ọ̀nà, owó wọgbó nìyẹn. Ẹ jókòó díẹ̀ ti àwọn ìyá tó ń ṣà á, kí ẹ kí wọn dáadáa. Wọ́n lè kọ́ yín bí a ṣe ń fi ọwọ́ lásán mọ obì tí kòkòrò ti wọ̀.

Òwò yìí ló mú kí ọ̀pọ̀ Hausa tẹ̀dó sí Sábó. Ìgbé pọ̀ náà kò dán mọ́rán nígbà gbogbo. Ní oṣù Keje 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣágámù láàárín Yorùbá àti Hausa lórí ọ̀rọ̀ Orò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, ìgbẹ̀san sì tẹ̀lé e ní Kano. Ó yẹ kí àlejò mọ èyí, nítorí ìlú tó lẹ́wà kì í ṣe ìlú tí kò ní àpá. Síbẹ̀, obì kò dẹ́kun àtilọ sókè Ọya. Ẹni tó ń tà á àti ẹni tó ń rà á ṣì nílò ara wọn.

Oúnjẹ kí a tó tẹ̀síwájú

Ẹ má kúrò láìjẹun. Ìkọ́kọrẹ́ ni oúnjẹ tí Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú jọ ń fi yangàn. Ewùra ni wọ́n máa ń rin, tí wọ́n á máa fi ọwọ́ gé e ní kóńkó-kóńkó sínú ọbẹ̀ epo pupa tó ń hó, pẹ̀lú ata, edé, ẹja yíyan àti pọ̀nmọ́. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí lè ṣì í pè ní àsáró. Kí ó má sọ ọ́ sétí onílé. Àwọn tó mọ adùn rẹ̀ dunjú á ní èyí tó ti di àná, tó ti tutù, tí wọ́n wá fi ẹ̀bà gbígbóná jẹ, ló dára jù.

Ìkẹ́nnẹ́: ibi tí ìtàn ti sún mọ́ ilẹ̀

Láti Ṣágámù, ọkọ̀ yóò gbé yín dé Ìkẹ́nnẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó dùn nínú ọkọ̀ náà. Ìlú kékeré ni, tó dákẹ́ ju Ṣágámù lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1909, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí lẹ́yìn tó kú ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún 1987. Aya rẹ̀, Hannah Ìdòwú Dídéolú, kú ní oṣù Kẹsàn-án 2015. Ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún náà, tí ì bá pé ẹni 100 ọdún, ni wọ́n sin òun náà ní Ìkẹ́nnẹ́.

Ẹ ti ń rí ojú Awólọ́wọ̀ tipẹ́. Òun ló wà lórí owó 100 náírà láti 1999. Ní Èkó, ó jẹ́ orúkọ títì. Ní Ilé-Ifẹ̀, ó jẹ́ orúkọ yunifásítì. Ní Ìkẹ́nnẹ́, ó tún padà di ọmọ ẹnì kan. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ó sì kú nígbà tí Ọbáfẹ́mi ṣì wà lọ́mọdé. Láti ìgbà náà, ìyà àtirí owó ilé-ìwé san di ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí. Ní oṣù kìíní 1955, nígbà tó jẹ́ olórí ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bóyá òun ni ìyá àgbà tiyín fi mọ ìwé. Nínú ìwé, òfin yẹn dà bí ohun tó ti òkè wá. Bí ẹ bá dúró ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹ óò rí i pé láti àárín irú ilé tí ẹ ń wò níwájú yín ló ti wá.

Okùn tó ti Leiden wá

Táì Ṣólàrín náà jẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Mólúsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣùgbọ́n ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí kò gbà pé kí ilé-ẹ̀kọ́ máa fi agbára mú ọmọ ṣe ẹ̀sìn. Ní oṣù kìíní 1956, òun àti Sheila, aya rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Wọ́n pè é ní Mayflower.

Orúkọ ọkọ̀ ojú omi ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn Kírísítẹ́nì kan sá kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí wọn kò fẹ́ kí ìjọba pàṣẹ bí wọn yóò ṣe sin Ọlọ́run. Nẹ́dálándì ni wọ́n sá lọ, wọ́n sì fi Leiden ṣe ilé láti 1609; iṣẹ́ aṣọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń jẹun níbẹ̀. Ní 1620, díẹ̀ nínú wọn gbéra, wọ́n gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá, wọ́n sì wọ ọkọ̀ Mayflower lọ sí Amẹ́ríkà. Arìnrìn-àjò tó bá dé Leiden lónìí yóò rí ibi tí wọ́n ti rántí wọn. Èyí tó dé Ìkẹ́nnẹ́ yóò rí orúkọ ọkọ̀ wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ará Leiden wá ààyè láti gbàdúrà bó ṣe wù wọ́n. Ṣólàrín wá ààyè fún ọmọ tí kò fẹ́ kí wọ́n fi dandan mú òun gbàdúrà. Òmìnira kan náà ni wọ́n ń wá, bí ọ̀nà wọn tilẹ̀ yàtọ̀.

Ní Mayflower, ìwé nìkan kọ́ ni wọ́n ń kọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dáko, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ́ nínú àwọn ilé tí wọ́n ń gbé. Ọkùnrin tó gbàgbọ́ nínú iṣẹ́ àṣelàágùn ni Ṣólàrín. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1964, nígbà tí gbogbo èèyàn ń gbàdúrà kí ọ̀nà gún, ó kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn Daily Times láti fẹ́ kí ọ̀nà àwọn òǹkàwé rí págunpàgun.

Ìlíṣàn kò jìnnà síbẹ̀. Níbẹ̀ ni ìjọ Seventh-day Adventist ti dá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sílẹ̀ ní 1959 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 7 péré. Ó di Yunifásítì Babcock ní 1999, ó sì wà lára àwọn yunifásítì aládàáni mẹ́ta àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà fọwọ́ sí. Ẹ̀sìn wà nínú ètò ojoojúmọ́ níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kan kọ àdúrà àpàpàǹdodo, èkejì fi àdúrà ṣe ìpìlẹ̀, ilẹ̀ Rẹ́mọ sì gba àwọn méjèèjì. Èyí wà lára ohun tó wú mi lórí jù nípa agbègbè yìí.

Bí ẹ bá sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ẹ wo ìgbà tí Remo Stars ń gbá a ní Ìkẹ́nnẹ́. Ẹgbẹ́ yìí ṣe ipò kejì léraléra kí ó tó gba ife líìgì Nàìjíríà ní sáà 2024/2025, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ

Ọjọ́ kan tó, ṣùgbọ́n méjì ló dùn jù. Ẹ tètè jáde nílé kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú ọ̀nà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló rọrùn jù fún ẹni tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn. Ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọgbà ìgbafẹ́: ẹ gba àṣẹ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó wọlé. Ibojì jẹ́ ti ẹbí kí ó tó jẹ́ ti arìnrìn-àjò: ẹ béèrè kí ẹ tó ya àwòrán. Kí ẹ tó mú ọjọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé níbẹ̀ bóyá àsìkò Orò ni, pàápàá bí obìnrin bá wà nínú yín, nítorí ìlú lè sé ọ̀nà ní òru. Bí ẹ bá bá àgbàlagbà níwájú ilé rẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ tó béèrè ọ̀nà. Ìdáhùn tí ẹ óò gbà yóò gùn ju ọ̀nà náà lọ.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló gbà pé ayé kò bẹ̀rẹ̀ títí èèyàn yóò fi kúrò ní ìlú kékeré. Awólọ́wọ̀ kúrò lóòótọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì tàn ká. Ṣólàrín jáde lọ sókè òkun, ó kàwé, ó sì padà wá ṣe iṣẹ́ tó tóbi jù láyé rẹ̀ sí ibi tí wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún 33 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ Mayflower. Ìkẹ́nnẹ́ kò sọ èwo ló dára jù nínú àtilọ àti àtibọ̀. Ohun tó fi hàn ni pé àwọn méjèèjì ṣeé ṣe, pé ìlú kékeré kò kéré jù láti gbé iṣẹ́ ńlá ró. Ẹni tó ń sáré kọjá lórí ọ̀nà márosẹ̀ kò lè rí i. Nígbà mìíràn tí ẹ bá dé oríta Ṣágámù, ẹ yà.