Ohun tí Mò Ń Wá ní Ọgbà Agodi

 

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kan láàrin àwa awo bi mí léèrè lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n ní, "Ṣé lóòótọ́ ni pé o ti sọ ara rẹ di ọmọdé? Wọ́n ní gbogbo Sátidé ni wọ́n ń rí ọ ní Ọgbà Agodi, tí ò ń jẹ gúgúrú láàrin àwọn ọmọ kéékèèké. Kí ni babaláwo ń wá níbẹ̀?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mi ò dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà, torí ọ̀rọ̀ ọ̀hún gùn ju ohun tí èèyàn ń sọ lórí ìdúró lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí.

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, kì í ṣe gbogbo Sátidé. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni. Yemẹtu ni mò ń gbé, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Èmi àti ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, la jọ máa ń lọ. Lẹ́yìn tí ìyá mi kú ni wọ́n bí i, nítorí náà "Ìyá" ni mo ń pè é. Tó bá ti di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, á ti wẹ̀, á ti wọ bàtà, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Bàbá, ṣé ẹ ò tíì múra ni?" A ó wọ màrúwá dé ẹ̀bá Sẹkitéríàtì, a ó fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Bá a ṣe ṣe é lánàá la ó ṣe é lónìí. A ó ra gúgúrú àti ẹ̀pà. A ó lọ kí àwọn ọ̀bọ. Ó ní ọ̀kan tó sọ ní Dúdú níbẹ̀, ó sì dá a lójú pé Dúdú mọ òun. A ó wo ògòǹgò, ẹyẹ gíga tó ń wo èèyàn bí ẹni pé a jẹ ẹ́ lówó. Ó máa gun jáńgílófà títí ojú á fi máa pòòyì mí, èmi tí mo dúró sílẹ̀. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, a ó tẹ́ aṣọ sórí koríko lábẹ́ igi, á sùn díẹ̀, èmi á sì máa gba atẹ́gùn. Kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀, kò sí ẹni tó ń pe fóònù mi pé ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀. Nínú Ìbàdàn yìí náà ni o!

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé, ṣé kì í sú wa ni? Kì í sú wa. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá mi, wọ́n á ní kí n ki ẹsẹ kan náà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Tí mo bá ní mo ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní, "Tún un kì." Inú máa ń bí mi. Àfi ìgbà tó bá di bí ogójì ìgbà, tí mo bá ṣàdédé gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tó dà bíi pé kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ọgbà yìí ṣe rí nìyẹn. Igi tí mo ti wo láìmọye ìgbà, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni mo tó rí i pé ẹyẹ ti kọ́ ilé sí i lórí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà kejì tá a lọ, mo rí ewé kan tí mo ti ń wá kiri. Ẹ mọ̀ wá, ọwọ́ awo kì í gbélẹ̀. Mo ti na ọwọ́ sí i kí n tó rántí ibi tí mo wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kígbe pé, "Bàbá! A kì í já ewé níbí o!" Ojú tì mí gidigidi. Ìyá wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dé ilé. Ní báyìí, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti di ọ̀rẹ́ mi. Òun ló máa ń pè mí wá sọ orúkọ igi tí kò mọ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ ń lọ.

Ó pẹ́ tí mo ti mọ ọgbà yẹn. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọgbà ẹranko àti ti igi ni nígbà yẹn. Mo wà ní pírámárì nígbà tí tíṣà wa kó wa lọ síbẹ̀, a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, a di ara wa lọ́wọ́ mú. Nígbà tí mo di géńdé, àbúrò mi obìnrin, àbígbẹ̀yìn ìyá mi, ni mo máa ń mú lọ. Ó fẹ́ràn àwọn ọ̀bọ débi pé tó bá ti rí owó lọ́wọ́ mi, ibẹ̀ ló máa ní ká lọ.

Ní oṣù Ògọ́sì ọdún 1980, ó ní kí n mú òun lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Mo ti jáde ilé ìwé girama nígbà yẹn, mo rò pé mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń mú ọmọdé lọ wo ọ̀bọ. Mo ní, "Ó dìgbà mìíràn." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún ní, "Ó dìgbà mìíràn." Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, ọjọ́ Àìkú, òjò rọ̀. Ẹ̀yin àgbà Ìbàdàn, ẹ mọ òjò tí mò ń wí. Odò Ògùnpa kún bo bèbè, ó gbé mọ́tò, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn. Omíyalé la ń pè é títí dòní. Ilé wa ní Òkè-Àdó kò jìnnà sí odò. Ògiri ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ wó. Ìyá mi di ọwọ́ ọmọ náà mú, ṣùgbọ́n omi lágbára jù wọ́n lọ. Ọjọ́ kejì la tó rí òkú rẹ̀.

Odò kan náà yẹn ló gba Agodi kọjá. Òun náà ló ba ọgbà náà jẹ́ lọ́dún yẹn. Mi ò gba ìhà ibẹ̀ mọ́. Nígbà tó di bí ọdún 2012 tí ìjọba ń tún un ṣe, tí wọ́n ṣe ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àti ibi ìṣeré ọmọdé sí i, àwọn ọmọ mi ní kí n wá wò ó. Mo ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ kankan ò sí lọ́wọ́ mi.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ilé ìwé Ìyá fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ, wọ́n ní kí àgbàlagbà kan tẹ̀ lé ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ̀ wà lọ́jà. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ló kù." Nígbà tá a dé ẹnu géètì, ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò lọ. Ọmọ náà kò béèrè nǹkan kan, ó kàn fà mí lọ́wọ́. A dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀bọ, ó bú sẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kejì, èmi gan-an ni mo ní ká tún lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mi ò gbà fún un: ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn lórí adágún tó wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà ló ń tọrọ rẹ̀. Gbogbo ìgbà ni mò ń sọ pé, "Ìyá, ó dìgbà mìíràn." Ní oṣù tó kọjá, ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ìgbà mìíràn yẹn, ìgbà wo ni?" Kò bínú o. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

Ará mi, mo gbọ́ ohùn ara mi ti ọdún 1980.

A wọ ọkọ̀ náà. Wọ́n fún wa ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, mo so ti Ìyá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi awakọ̀ bóyá ó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀." Nígbà tá a dé àárín, mo ki ọwọ́ bọ omi, mo kí i, mo sì dárúkọ àbúrò mi wúyẹ́wúyẹ́. Ìyá gbọ́. Ó ní ta ni mò ń pè. Mo ní, "Àbúrò mi ni. Ó fẹ́ràn ọ̀bọ bíi tìẹ." Ó ní, "Ṣé ó mọ Dúdú?" Mo ní rárá, pé àwọn baba ńlá Dúdú ló mọ̀. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Tá a bá sọ̀kalẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún un." A sì lọ sọ fún un lóòótọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mò ń wá níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó ti ń tọrọ pé kẹ́ ẹ mú òun lọ síbì kan, ẹ dá ọjọ́ fún un, kẹ́ ẹ sì mú ọjọ́ náà ṣẹ. Tó bá jẹ́ Agodi ni, ẹ tètè dé kí oòrùn tó mú, ẹ gbé omi mímu dání, ẹ di ọwọ́ ọmọ mú létí adágún, kẹ́ ẹ má sì já ewé o. Àwa náà máa wà níbẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí bàbá kan tó so ìdè mọ́ ọwọ́, tó ń jẹ gúgúrú níwájú àwọn ọ̀bọ, ẹ wá kí wa.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ o.