Gbólóhùn Kan Lẹ́nu Adájọ́

Oṣù Kejìlá ọdún 1934 ni. Reginald Woolmington, ọmọ ọdún 21 tó ń ṣiṣẹ́ oko nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ayùn gé ẹnu ìbọn kúrú, ó fi wáyà so ó kọ́ abẹ́ kóòtù, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ bá ìyàwó rẹ̀ tó ti kó padà sílé ìyá rẹ̀. Ìbọn yìn. Ọmọ ọdún 17 ni ìyàwó tó kú náà. Ọkọ ní òun kàn fẹ́ fi hàn án pé òun yóò pa ara òun bí kò bá padà wálé ni, pé ìbọn ṣèèṣì yìn.

*

Ní Taunton, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ẹnu àwọn júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́, kò kò. Wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ ní Bristol. Níbẹ̀ ni Adájọ́ Swift ti sọ fún àwọn júrì pé bí ìjọba bá ti fi hàn pé ọwọ́ ọkùnrin yìí ni obìnrin náà kú sí, ìpànìyàn ni, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fi hàn pé èèṣì ni. Láàárín ìṣẹ́jú 69, wọ́n dá a lẹ́bi. Ikú ni ìdájọ́ rẹ̀.

Mi ò lè bá àwọn júrì wí. Ẹnu adájọ́ ni wọ́n ti ń gbọ́ òfin.

*

Adájọ́ náà kò hùmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí o. Ó wà nínú ìwé òfin kan tó jáde ní 1762. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn àkọ́kọ́ pàápàá fọwọ́ sí ìdájọ́ náà.

*

Ní 1935, Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Lọ́ọ̀dù, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, fagi lé ìdájọ́ náà. Lọ́ọ̀dù Sankey, ọ̀kan nínú wọn, ní olùpẹ̀jọ́ ló gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀sùn múlẹ̀. Bí iyèméjì tó mọ́gbọ́n wá bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n dá olùjẹ́jọ́ sílẹ̀. Kò sọ pé òótọ́ ni Woolmington ń sọ. Èyí á dun ìyá ọmọ tó kú, ó sì tọ́ kó dùn ún. Síbẹ̀, a kì í yẹgi fún èèyàn nítorí pé kò rí ẹ̀rí tí kò yẹ kí á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mú wá.

*

Irú àṣìṣe ẹnu adájọ́ bẹ́ẹ̀ tún wáyé ní Louisiana, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Adájọ́ ṣàlàyé iyèméjì fún júrì lódì nínú ẹjọ́ ìpànìyàn kan. Ní 1993, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní bó ti wù kí ẹ̀rí lágbára tó, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbójú fò, torí kò sí ojúlówó ìdájọ́ júrì níbẹ̀ rárá. Ìdájọ́ yìí tẹ́ mi lọ́rùn gidigidi.

*

Kò sí júrì ní Nàìjíríà mọ́. Adájọ́ nìkan ló ń gbọ́ ẹjọ́, òun náà ló ń kọ ìdí ìdájọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí èèyàn yín bá wà nínú irú ẹjọ́ yìí, ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ náà, kí ẹ ní kí agbẹjọ́rò fi ibi tí adájọ́ ti sọ ẹni tí ẹ̀rí wà lọ́rùn rẹ̀ hàn yín. Abala 36(5) ìwé òfin ilẹ̀ wa, tó ka olùjẹ́jọ́ sí aláìṣẹ̀ títí wọ́n á fi fìdí ẹ̀sùn múlẹ̀, wà lẹ́yìn yín. Láti gbé ẹjọ́ ọ̀daràn láti ilé ẹjọ́ gíga lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ọjọ́ 90 ni òfin fúnni. Ẹ má jẹ́ kó kọjá.