Òkúta Méjì Lẹ́bàá Òkun Tógò
Ní ìlà-oòrùn Lomé, lójú ọ̀nà Aného, ni Kpémé wà, ìlú kékeré etí òkun tí fọ́sífétì sọ di olókìkí. Láti Hahotoé ni ọkọ̀ ojú irin ti ń kó òkúta náà wá. Ní Kpémé ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, kí ọkọ̀ òkun tó gbé e lọ fún àwọn tí ń ṣe ajílẹ̀. Ọdún 1961 ni títà á sókè òkun bẹ̀rẹ̀. Ní 1974, ìjọba Tógò gba gbogbo ilé-iṣẹ́ náà sí ìkáwọ́ ara rẹ̀. Owó ń wọ Lomé. Omi ìdọ̀tí ń wọ òkun àwọn apẹja.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni Glidji, ìlú ọba àwọn Guin. Lọ́dọọdún, àwọn àwòrò ń mú òkúta kan jáde láti inú igbó mímọ́. Àwọ̀ rẹ̀ ní í sọ bí ọdún yóò ti rí: bí ó bá funfun, àlàáfíà dé.

Wọn kì í wọn òkúta Glidji, wọn kì í sì í tà á. Ti Kpémé lọ, kò padà. Ọmọ tí wọn kò tíì bí ní ìpín nínú ilẹ̀ náà.