Ẹ Wo Omi Kí Ẹ Tó Wo Ọkọ̀: Ríra Ọkọ̀ Ìgbòkun Àlòkù ní Etí Òkun Solent

Ìlú Òyìnbó ni ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí ti wá, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ra mọ́tò àlòkù rí, yóò yé e dáadáa.

Ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, omi òkun kan wà tí wọ́n ń pè ní Solent. Ó wà láàrin ilẹ̀ ńlá àti erékùṣù tí ń jẹ́ Isle of Wight. Gígùn rẹ̀ tó bí 20 máìlì. Portsmouth àti Southampton wà ní apá kan, Cowes àti Yarmouth wà ní apá kejì. Bí ìgbà ooru bá dé, láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹsàn-án, ìgbòkun funfun a máa bo ojú omi náà bí ọ̀wọ́ lékeléke. Kì í ṣe àwọn olówó nìkan ni ó ni wọ́n. Olùkọ́ wà níbẹ̀, káfíńtà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ àlòkù tí ó ti lo 40 tàbí 50 ọdún ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Wọn a máa ti èbúté kan bọ́ sí èkejì, wọn a sì máa sùn sínú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Yorùbá tí ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Portsmouth, fẹ́ ra irú rẹ̀ fún ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn méjì. Ọdún mẹ́rin ni ó fi tọ́jú owó náà. Ó ní kí n bá òun wò ó kiri, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Sátidé mẹ́ta ni a fi rìn.

OMI TÍ Ń KÚN, TÍ Ń FÀ

Ìwà omi ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ̀. Ní Èkó wa, bí òkun bá kún tí ó sì fà, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Ní Portsmouth, nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí ó bá di àrànmọ́jú, ìyàtọ̀ náà a tó ẹsẹ̀ bàtà 13. Ìyẹn ju ìdúró ènìyàn méjì lọ! Ẹ̀ẹ̀mejì ni omi ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì ń fà, láàrin bí ọjọ́ kan. Ibi tí ọkọ̀ gbé ń léfòó ní òwúrọ̀, ẹrẹ̀ dúdú ni ẹ óò bá níbẹ̀ lọ́sàn-án, tí àwọn ẹyẹ ń ṣa kòkòrò jẹ lórí rẹ̀. Ní Hurst, níbi tí Solent ti fún bí ọrùn akèrègbè, omi a máa sáré ju máìlì mẹ́rin lọ ní wákàtí kan. Bí ọkọ̀ kékeré bá dojú kọ ọ́, yóò máa rìn títí, ojú kan náà ni yóò sì wà.

Nítorí èyí, abẹ́ ọkọ̀ ni a ń wò kí á tó wo ọ̀dà ara rẹ̀. Ọkọ̀ ìgbòkun a máa ní irin tàbí òjé wíwúwo ní ìsàlẹ̀, kí atẹ́gùn má baà dojú rẹ̀ dé. Ẹ jẹ́ kí á pe èyí ní ẹsẹ̀ ọkọ̀. Òmíràn ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí ó gùn wọ inú omi lọ. Irú èyí dára púpọ̀ láti rìn lòdì sí atẹ́gùn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ré òkun kọjá lọ sí Cherbourg ní ilẹ̀ Faransé yóò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá fà kúrò lábẹ́ rẹ̀, ṣe ni yóò fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ọ̀mùtí. Òmíràn ní ẹsẹ̀ méjì kúkúrú. Kò yá tó ti àkọ́kọ́, kò sì lè dojú kọ atẹ́gùn tó o, ṣùgbọ́n bí omi bá fà, yóò dúró gbọin lórí ẹrẹ̀ bí àga.

Ẹ má ṣe fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Èbúté tí omi rẹ̀ jìn tọ̀sán-tòru, tí ó ní afárá àti iná mànàmáná, owó gọbọi ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ibi tí omi ti ń fà tán kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ lè pọ̀ lówó rírà, kí owó ibi tí yóò máa sùn sì sọ olúwa rẹ̀ di onígbèsè.

ỌKỌ̀ MẸ́TA TÍ A RÍ

Èkíní jẹ́ Folkboat, ọkọ̀ onípákó tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 25. Ilẹ̀ Sweden ni irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1942. Ó rẹwà, ó sì lágbára lójú òkun. Ṣùgbọ́n pákó ń fẹ́ ìtọ́jú lọ́dọọdún, àgbàlagbà kò sì lè nàró nínú yàrá rẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé, a sì kọjá.

Èkejì ni ó fẹ́ gba ọkàn ọ̀rẹ́ mi. Ẹlẹ́sẹ̀ kan ni. Wọ́n ti kun ún ní búlúù, wọ́n sì ti rán ìrọ̀rí tuntun sínú rẹ̀. Ọkùnrin tí ń tà á ní òun kò tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n bí òun bá tan án nísinsìnyí, kíá ni yóò dáhùn. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi rọra na ọwọ́ sí i. "Bàbá wọn," ni ó wí ní èdè wa, "ẹ fọwọ́ kan irin yìí wò." Ó gbóná! Ẹni tí ó bá ti mú ẹ́ńjìnnì yá kí oníbàárà tó dé, ó mọ ohun tí ó ń fi pamọ́. Síbẹ̀ ọ̀rẹ́ mi san owó fún ayẹkọ̀wò kan kí ó wá wo abẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin yìí fi hàn wá níbi tí ẹsẹ̀ ti so mọ́ ara ọkọ̀: ó ti là, omi ìpẹtà sì ń sun jáde níbẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ó bá yọ lójú òkun, ọkọ̀ yóò dojú dé ni, tòun ti àwọn ọmọdé inú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta kò wu ojú rárá. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, ewéédú sì ti hù lórí rẹ̀. Westerly Centaur ni, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, gígùn rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 26, kò sì wọ inú omi ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Láàrin 1969 àti 1980, wọ́n kan irú rẹ̀ tí ó ju 2,000 lọ, nítòsí Portsmouth níbẹ̀.

Ayẹkọ̀wò náà fi òòlù kékeré lu gbogbo ara rẹ̀. Ó ní ibi tí ó bá dún gbangba ni ó le. Ibi tí ó bá dún bọ̀ǹbọ̀ ti rà nínú. Ó wá ìléròrò kiri abẹ́ rẹ̀, nítorí omi a máa wọ inú fáíbà tí ó bá pẹ́ nínú omi, a sì wú u. Ó fi aṣọ nu wáyà tí ó di òpó ìgbòkun mú. Bí okùn irin kan bá já nínú wáyà náà, yóò fa aṣọ ya. Ó fún ìgbòkun ní ọwọ́: èyí tí ó bá rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí àkísà ti lo ìgbà rẹ̀ tán. Ó bá omi díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ inú ọkọ̀, ó sì fi ìka kàn án lá! Ó ní bí ó bá níyọ̀, òkun ni ó ń wọlé. Bí kò bá níyọ̀, òjò ni ó ń jò láti òkè. Òjò ni. Ó yẹ ẹsẹ̀ méjèèjì wò fínnífínní, nítorí àwọn kan nínú irú ọkọ̀ yìí ti nílò kí á fi agbára kún ibi tí ẹsẹ̀ ti so mọ́ ara. Ti èyí ti gba àtúnṣe, ìwé rẹ̀ sì wà.

Wáyà nìkan ni ó ti gbó jù. Ọ̀rẹ́ mi fi èyí ná ọjà, wọ́n yọ owó wáyà tuntun kúrò, ó sì gba ìwé ìtajà kí ó tó san kọ́bọ̀.

ÌRÌN-ÀJÒ SÍ NEWTOWN

Ní oṣù Keje, a gbọ́ ìròyìn ojú ọ̀jọ́, gbogbo wa wọ ẹ̀wù agbéniléfòó, omi tí ń fà sì gbé wa lọ síhà ìwọ̀-oòrùn. Kí á tó dé Cowes, a rí ilé Osborne lórí òkè, níbi tí Ọbabìnrin Victoria kú sí ní 1901. Mo sọ ìtàn Àìná fún àwọn ọmọ, ọmọbìnrin Ẹ̀gbádò tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó lẹ́rú, tí Ọba Gẹ́zò sì fi ta Ọbabìnrin náà lọ́rẹ ní 1850. Ní 2020, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sínú ilé yìí.

A ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ ní Newtown lọ́sàn-án. Títí di 1832, Newtown ń rán aṣojú méjì lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Lónìí, ìwọ̀nba ilé díẹ̀ ni ó kù níbẹ̀, pẹ̀lú gbọ̀ngàn ìlú àtijọ́. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ ńlá dáradára kan tí ó wà nítòsí wa sáré ká ìdákọ̀ró rẹ̀ lọ síbi jíjìn. Tiwa rọra jókòó lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Àwọn ọmọ ń ka ẹyẹ lórí ẹrẹ̀, ìyá wọn sì ń se ìrẹsì, ìkòkò kò mì.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbáà ṣe ọkọ̀, ìbáà ṣe mọ́tò, ìbáà ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́ àti iye tí yóò máa jẹ lọ́dún. Ẹ wo ibi tí ó fara pamọ́, ẹ san owó fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wò. Owó ayẹ̀wò kò lè tó owó òfò láé. A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò wò.

Ó dìgbà o.