Ẹ̀rọ Ọkọ̀ Náà Ń Yáná

Ẹni tó bá ti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Winnipeg, ní ẹkùn Manitoba ti ilẹ̀ Kánádà, ní àsìkò òtútù, yóò rí okùn iná kúkurú tó yọ jáde níwájú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí okùn ẹran tó já. Okùn ohun tí àwọn elédè Faransé ibẹ̀ ń pè ní chauffe-bloc ni. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń gbé ní Saint-Boniface, àdúgbò àwọn elédè Faransé ní ìlú náà, tí mo ń tọ́jú àwọn arúgbó. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni iṣẹ́ mi ń bẹ̀rẹ̀; ẹni tó ṣe iṣẹ́ òru kò lè fi wọ́n sílẹ̀ títí n ó fi dé. Bí ọkọ̀ mi bá kọ̀, èmi nìkan kọ́ ni yóò jìyà rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń múra àtilọ sí Kánádà mọ ohun èlò yìí kí wọ́n tó ra ọkọ̀.

Gbogbo wa la ti rí epo pupa tó dì nínú ìgò ní àárọ̀ ọyẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ́ìlì inú ẹ̀rọ ọkọ̀ ṣe ń ki nígbà tí òtútù bá dé ìwọ̀n 30 nísàlẹ̀ òdo. Ẹ̀rọ kò ní lè yí dáadáa, òtútù yóò sì ti dín agbára bátìrì tó yẹ kó yí i kù. Ti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń mu gasoil le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ooru afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ fún pọ̀ ló ń tan epo rẹ̀, bí irin bá tutù jù, ooru náà kò ní tó.

Chauffe-bloc jẹ́ irin kékeré tí iná mànàmáná ń mú gbóná, bí irú èyí tí a ń tì bọ garawa láti fi mú omi ìwẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Inú omi tí kì í dì, èyí tó yí ẹ̀rọ ká, ló ń wà. Ní 1949, Andrew Freeman, ará North Dakota ní Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ kan. Ti ọkọ̀ kékeré sábà máa ń jẹ́ wáàtì 400 sí 750. Ti akẹ́rù lè kọjá 1000.

Ọkọ̀ tó wá láti Vancouver, níbi tí òtútù kò ti le tó bẹ́ẹ̀, lè má ní i rárá. Àbúrò wa kan ra irú rẹ̀. Ẹni tó tà á fún un ní ó ní chauffe-bloc. Lóòótọ́ ni okùn wà níwájú, ṣùgbọ́n nígbà tí a tọ̀ ọ́ dé ìdí, kò so mọ́ nǹkan kan. Ẹ tọ okùn dé ìdí kí ẹ tó sanwó.

Mẹkaníìkì àgbàlagbà kan ló bá a fi tuntun sí i, mo sì dúró tì í. Ó jẹ́ kí ẹ̀rọ tutù tán, ó da omi rẹ̀ sínú abọ́ ńlá, ó yọ ọ̀kan nínú àwọn ìdérí irin tó wà lára ẹ̀rọ, ó nu ojú ihò náà mọ́, ó ti irin náà bọ̀ ọ́, ó sì dè é. Ó da omi padà, ó lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó wò ó bóyá ó ń jò. Ó so okùn jìnnà sí páìpù èéfín àti bẹ́líìtì tó ń yí. Ìgbà náà ló tó fi iná sí i. Ó kìlọ̀ fún wa pé bí iná bá wọ irin náà láìsí omi lára rẹ̀, jíjó ni yóò jó.

Kò pọn dandan kí iná wà níbẹ̀ láti alẹ́ mọ́jú. Irin wáàtì 400 tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́wàá yóò jẹ kilowáàtì-wákàtí 4. Wákàtí mẹ́ta, tó sábà máa ń tó, yóò jẹ 1,2 péré. Aago kékeré tó ń tan iná fúnra rẹ̀ lè bá yín ṣọ́ ọ nígbà tí ẹ bá ń sùn.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Irú ogun bẹ́ẹ̀ ni òtútù Manitoba. Ọdọọdún ló ń dé, kì í sì í dé láìkéde.

Orúkọ Faransé nìkan ni àwọn ọmọ wa tí a bí síbẹ̀ mọ̀ fún ohun èlò yìí. Nínú ilé mi, ìyáná ọkọ̀ ni a ń pè é. Bí ẹ̀yin ará Kétu tàbí Àjàṣẹ́ bá ní orúkọ tó bá a mu ju èyí lọ, tọwọ́tẹsẹ̀ la ó fi gbà á.