ÀWA, KỌ̀ǸPÚTÀ ÀTI WÁKÀ ÌYÁ ÀGBÀ

Nígbà tí wọ́n ní kí àwa tí a ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn ọdún yìí, a kò rí ohun tí a mọ̀ ju iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí à ń ṣe lójoojúmọ́ lọ. Kì í ṣe pé a fẹ́ fi í yangàn. Àṣìṣe kan ni a ṣe nídìí rẹ̀ tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́, kí ẹ̀yin náà má baà ṣe irú rẹ̀.

Àwa méjì ni à ń sọ̀rọ̀ yìí, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọmọ ìyá kan náà. Ìbàdàn ni à ń gbé, nínú agboolé ìyá tó bí ìyá wa. Yàrá iwájú tí Ìyá àgbà fi ń ta aṣọ nígbà kan ni a sọ di ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, bátìrì ńlá kan tí ó ti gbó, àti bẹ́ǹṣì kan fún àwọn oníbàárà.

Tí a bá ti kírun Àsùbáà tán, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń wò kì í ṣe aago, iná ọba ni. Bí iná bá wà, a ó sáré fi gbogbo ohun tó ń gba ṣáàjì sí i lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọn yóò mú un lọ. Bí kò bá sí, jẹnẹrétọ̀ ni. Ẹ rántí pé ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, lítà kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi ọgbọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ iná yìí sọ́kàn, nítorí òun ló bí ohun tí a fẹ́ sọ.

Ìwé ètò ìgbéyàwó, ti ìsọmọlórúkọ àti ti wòlímọ̀ ni a máa ń tẹ̀ jù. Bákan náà, àwọn ilé-kéwú máa ń gbé ìbéèrè ìdánwò èdè Lárúbáwá wá. Iṣẹ́ yìí gba sùúrù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Lárúbáwá mọ̀ pé lẹ́tà kan náà máa ń yí ojú padà: bó ṣe rí níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ́ ló ṣe rí láàárín, bó sì ṣe rí láàárín kọ́ ló ṣe rí lópin. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ èyí, ó sì tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé láti ọwọ́ ọ̀tún ni à ń kọ ọ́ bọ̀. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò tú àwọn lẹ́tà náà ká lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ kéwú tí àfáà wọn kò sí nílé.

Yorùbá náà ní tirẹ̀. Àwọn oníbàárà máa ń sọ pé, "Ẹ má wulẹ̀ fi àmì sí i, wọn á mọ̀ ọ́n kà." A kì í gbà. A ti rí ìwé ìpè kan rí tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fi àmì síbi tí kò yẹ, tó sọ "ọkọ ìyàwó" di "ọkọ̀ ìyàwó". Gbogbo àlejò ló fi rẹ́rìn-ín, àfi ọkọ ìyàwó.

A kì í ṣiṣẹ́ láìsí orin. Ẹ̀gbọ́n nínú wa fẹ́ràn àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá. Àbúrò ní fújì Síkírù Àyìndé Barrister ni òun fẹ́, èyí tó jáde láti inú wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn ènìyàn sí sààrì nínú oṣù Ràmàdáánì. Àríyànjiyàn yìí kì í tán. Àdéhùn wa ni pé ẹni tí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá le jù ni yóò yan orin.

Ní Sátidé, tí iṣẹ́ bá ti dẹwọ́, a máa ń jáde. Nígbà mìíràn ọgbà Agodi ni, nígbà mìíràn ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a ó kàn gun òkè Mápó, kí a máa wo àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà títí ojú kò fi ní í tó o mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀nà kìlómítà 157, òun ló wù wá jù. A ó wọ̀ ọ́ ní Mọ́níyà, a ó sọ̀ ní Abẹ́òkúta, a ó gun Òkè Olúmọ, a ó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Báyìí ni ayé wa rí kí Ìyá àgbà tó gbé páànù bisikíìtì kan wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023.

Kásẹ́ẹ̀tì 14 ló wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó lè mọ ohun tí wọ́n jẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Ìyá àgbà jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wákà nígbà tí ara ṣì le. Kì í ṣe irú èyí tí Bàtílì Àlàkẹ́ tàbí Sàláwà Àbẹ̀ní kọ sínú àwo tí gbogbo ènìyàn ń rà. Ti agboolé ni tiwọn. Bí ọmọ bá ṣe wòlímọ̀, bí wọ́n bá sọmọ lórúkọ, bí ará àdúgbò bá ti Mẹ́kà dé, wọn yóò tò, wọn yóò máa pàtẹ́wọ́, wọn yóò sì fi orúkọ onínàáwó kọrin. Ọkọ ọ̀kan nínú wọn ní rẹ́díò alákásẹ́ẹ̀tì, òun ló ń gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ìyá àgbà ní, "Àwa mẹ́sàn-án la jọ ń kọ ọ́. Èmi nìkan ló kù. Ohùn àwọn tó ti lọ ló wà nínú páànù yìí. Ẹ bá mi kó o sínú ẹ̀rọ yín, kí n lè máa gbọ́ wọn."

A ní kò le rárá, pé kí Iléyá tó dé yóò ti parí.

Lóòótọ́ kò le, ṣùgbọ́n kò yá. Kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan gba wákàtí kan gbáko, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú kan, ọgbọ̀n lójú kejì. Ẹ ó fi wáyà so rẹ́díò mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà yóò sì máa kọ ohun tó ń gbọ́ sílẹ̀ bí nọ́ńbà, ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí ẹ kò bá fún un pọ̀, wákàtí kan lè gba nǹkan bí 600 megabáìtì. Tí ẹ bá sọ ọ́ di MP3, ó lè dín kù sí nǹkan bí 60. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi òwú àti sípíríìtì nu ojú irin tí téèpù ń fara kàn, nítorí ìyẹ̀fun irin tí wọ́n fi kun téèpù ló gbé ohùn dání, tí ó bá sì ti pẹ́, ó máa ń ṣí.

A mọ gbogbo èyí. Ohun tí a kò ṣe ni pé a kò jókòó tì í. Epo ti wọ́n, nítorí náà tí iná ọba bá ti dé, a ó sáré ki kásẹ́ẹ̀tì bọ rẹ́díò, a ó tẹ̀ ẹ́, a ó yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá kí ó má di orin tiwa lọ́wọ́, a ó sì bá iṣẹ́ wa lọ. Nígbà mìíràn a kì í tilẹ̀ sí nílé. Báyìí ni a ṣe kó 11 nínú wọn sínú kọ̀ǹpútà, láìgbọ́ ju ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí lọ.

Méjì nínú àwọn téèpù náà ti rà jù. Rẹ́díò jẹ ìkẹrin àti ìkẹsàn-án lẹ́yìn tí a ti gbà wọ́n tán. A tú wọn, a fi báírò ká wọn, wọ́n já sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ gbọ́ ohun tí a sọ fún ara wa: "Kò burú, ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà." A kó wẹ́wẹ́ rẹ̀ dànù.

Ní Sátidé tó ṣáájú Iléyá, iná ọba wà láàárọ̀. A fi kásẹ́ẹ̀tì kejìlá sí i, a ti ìlẹ̀kùn, ó di Mọ́níyà. Nínú ọkọ̀, àbúrò nínú wa fi íàpíìsì sétí. Ó ti da kásẹ́ẹ̀tì ìkẹrin sórí fóònù rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí ó fẹ́ mọ bí ìlù wákà àtijọ́ ṣe rí. Ẹ̀gbọ́n tilẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di arúgbó. A gun Olúmọ, a jẹ ọ̀fadà, a ya fọ́tò, a padà.

Nígbà tí a dé, àwọn aládùúgbò ní iná ti lọ, ó ti bọ̀, ó tó ìgbà márùn-ún. Bátìrì wa tó ti gbó kò lè gbà á dúró. Nígbà tí a tan kọ̀ǹpútà, ohun tí a gbọ́ láti inú rẹ̀ ni kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sí ènìyàn. A gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ méjì. Àwọn méjèèjì sọ ohun kan náà: abẹ́rẹ́ tó ń kà á ti fara gbo àwo tó wà nínú háàdì díìsìkì rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ti lọ.

A jókòó, a ṣírò rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì 12 ṣì wà nínú páànù, a lè tún wọn gbà. Ìkẹrin wà nínú fóònù. Ìkẹsàn-án nìkan ni kò sí níbì kankan. Ohun tó wá dùn wá jù ni pé a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò sí èyíkéyìí nínú wa tó gbọ́ ọ.

Ó di dandan kí a lọ bi Ìyá àgbà. A kúnlẹ̀, a ṣàlàyé. Ó bi wá bóyá èyí tó ní bébà pupa lára ni. A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

"Wòlímọ̀ ìyá yín ni," ó ní. "Àbúrò mi ló lé e lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti gba ohùn tirẹ̀."

A kò rí nǹkan kan sọ. Àwọn baba wa ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Àwa, iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán wa, a sì fi tẹrú jẹ́ ẹ.

Ìyá àgbà tún ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí ẹ wà nílé-kéwú, ṣé wọ́n máa ń fọ wàláà kí ọmọ tó mọ ohun tó wà lójú rẹ̀?"

A ní, "Rárá o, Ìyá àgbà."

"Ẹ̀yin fọ tiyín."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fi tàdáwà kọ wàláà mọ ohun tí ó ń sọ. Ọmọ kì í bẹ̀rù omi tí a fi ń fọ wàláà, nítorí ohun tó wà lójú igi ti wọ inú rẹ̀. Àwa kó orin láti inú ike sínú irin, a rò pé a ti tọ́jú rẹ̀, kò sì gba ọ̀dọ̀ wa kọjá rárá.

Nígbà tó ṣe, Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó kọ ohun tó rántí nínú orin náà. Ó kọ ti elégbè, nítorí òun ló ń gbè é lọ́jọ́ náà. Tí ó bá dé ibi tí àbúrò rẹ̀ ti ń lé, yóò dákẹ́, yóò fi àyè sílẹ̀, yóò sì tún gbè é. Fóònù wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n a kò tẹ̀ ẹ́. A kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná. Ìgbà kẹta tó kọ ọ́ ni a tó gbà á sílẹ̀, nígbà tí àwa náà ti lè bá a gbè é.

Láti ìgbà náà ni a ti yí ọwọ́ padà. Ohunkóhun tó bá ṣe pàtàkì, ẹ̀dà mẹ́ta ni a ń ṣe: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú háàdì díìsìkì mìíràn tí a kì í fi sórí iná, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá wa ní Èkó. A sì ra bátìrì tuntun. Ṣùgbọ́n òfin tó ṣáájú gbogbo rẹ̀ ni pé a kì í gba kásẹ́ẹ̀tì tí a kò bá ní àyè láti jókòó gbọ́. Gbogbo 12 tó kù ni a tún gbà báyìí, Ìyá àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń sọ orúkọ ẹni tó ń lé e àti ọmọ ẹni tí wọ́n ń kì, a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó tún bá wa jáde ní Sátidé kan lẹ́yìn náà. Ọ̀kan nínú àwọn elégbè rẹ̀ àtijọ́ bí ọmọ sí Abẹ́òkúta, ó ní òun fẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú irin, a fi íàpíìsì sí i létí. Kò mọ̀ pé àwọn tó kù kò gbọ́ ohun tí òun ń gbọ́, ló bá gbè é sókè gan-an. Gbogbo ènìyàn yíjú padà wò wá. Ojú kò tì wá. Àwa náà gbè é.

Ẹ̀yin àbúrò wa, ẹ kọ́ kọ̀ǹpútà, ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ lọ bi àwọn ìyá àti bàbá yín àgbà bóyá kásẹ́ẹ̀tì kan wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wọn. Tí ẹ bá rí i, ẹ bá wọn jókòó, kí ẹ jọ gbọ́ ọ. Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí a lè tọ́jú ohun tí wọ́n bá fi sí wa lọ́wọ́. Àmín.